Aláàsíá Pupa Ni Baba Ìkìlọ̀ Ara Katakata

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ katakata àti típà ibi ìwakùsà léèrè pé níbo ni iṣẹ́ wọn ti ṣẹ̀, rádà ni wọ́n máa dárúkọ, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò mọ ohun tó wà nítòsí. Àwọn awakọ̀ ní tiwọn á ní ìró píì-píì tí ọkọ̀ ńlá máa ń ké bó bá ń fẹ̀yìn rìn ni. N ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Òfin kan tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1865 ni mo gbà pé ó bí ìkìlọ̀ yìí, ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú àsíá pupa ló sì kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá orísun rẹ̀. Katakata, ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ àti típà ńláńlá ga débi pé awakọ̀ tó jókòó sókè kì í rí ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Ibi tí ojú rẹ̀ kò dé yìí ni ikú ń lúgọ sí. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ a máa fa ààlà yí ẹ̀rọ ńlá náà ká. Ẹni tó bá wọ ààlà ìta, iná á tàn, ìró á dún. Ẹni tó bá wọ ti inú, ẹ̀rọ á dúró, bí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ìwọ̀n jíjìnnà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ṣáájú, ìkìlọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà, àti àṣẹ ìdúró.

Ọkọ̀ sítíìmù ni òfin 1865 dojú kọ, àwọn ẹ̀rọ onírin tí omi híhó ń fún lágbára, tí wọ́n ń fa ẹrù àti ohun èlò oko lójú títì. Òfin ní ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ máa bójú tó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn yóò máa fẹsẹ̀ rìn ṣáájú, àlàfo tó wà láàárín òun àti ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 60 yáàdì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 55. Àsíá pupa ni yóò gbé dání. Yóò kìlọ̀ fún àwọn tó gun ẹṣin àti àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin pé ọkọ̀ ń bọ̀, yóò sì fi àmì sọ fún awakọ̀ nígbà tó bá yẹ kó dúró. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó dá ìdàgbàsókè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúró. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Fún ẹ̀rọ tó wúwo, tí ìdúró rẹ̀ sì le, n ò tíì rí òfin ìgbà náà tó mọ ohun tó ń ṣe jù ú lọ.

Níbo làwọn aṣòfin ti rí i? Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin Stockton àti Darlington ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 1825, ìtàn ọjọ́ náà sọ pé ẹnì kan gun ẹṣin ṣáájú ọkọ̀ Locomotion tòun ti àsíá, kí àwọn èrò lè yà fún un. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 1830, wọ́n ṣí ojú irin Liverpool àti Manchester. Ọkọ̀ dúró ní Parkside láti pọn omi, àwọn èèkàn sọ̀ kalẹ̀, William Huskisson tó jẹ́ aṣòfin sì wà lára wọn. Ọkọ̀ Rocket ń bọ̀ lójú irin kejì. Wọ́n pariwo, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lójú, Rocket gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Èrò mi ni pé ikú yìí kò kúrò lọ́kàn ilé aṣòfin, torí ọmọ ilé wọn ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n jókòó ṣòfin fún ọkọ̀ sítíìmù ojú títì, ẹlẹ́ṣin Darlington àti òkú Parkside ló jọ wà níwájú àwọn àgbà ibẹ̀: ọ̀kan ní aláàsíá tó ṣáájú, èkejì ní ariwo tó pẹ́ jù.

Àwọn kan á ní ojú títì kì í ṣe ibi ìgbẹ́lẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú ihò. William Otis ní Philadelphia ló ṣe ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ onísítíìmù àkọ́kọ́. 1839 ni ìwé ẹ̀tọ́ tó fi hàn pé òun ló ṣẹ̀dá rẹ̀ jáde, ọdún náà ló sì kú lọ́mọ ọdún 26. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orí irin ló ń rìn. Bó bá gbẹ́ ibì kan tán, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ á tú irin ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á tò ó síwájú kó lè tún sún. Nítorí náà, nítòsí imú ẹ̀rọ gan-an ni tọwọ́tẹsẹ̀ ènìyàn máa ń wà. Awakọ̀ wà nídìí ọ̀pá ìdarí. Ẹnì kejì dúró lápá ẹ̀rọ láti máa ṣí ìdí garawa. Ẹni tó dúró lápá yìí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Ó rí ihò, ó rí àwọn tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ awakọ̀ ni agbára wà. N ò rí bí iṣẹ́ náà ṣe lè lọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo kó má nawọ́ tàbí kó má kígbe sí awakọ̀ pé dúró, ẹnì kan wà níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, aláàsíá 1865 ní ẹ̀gbọ́n nínú ihò, ẹ̀gbọ́n tí òfin kò mọ̀.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí n ò fẹ́ fò. Ní ẹnu kòtò èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan máa ń dúró tó ń fi àmì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn sókè sódò nínú kòtò. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ kò rí wọn, àmì yẹn nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Banksman ni wọ́n ń pè é. Títí di òní, orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n ń pe ẹni tó ń dúró sílẹ̀ darí katakata àti típà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ kì í ṣèèṣì rìn láti ibi iṣẹ́ kan sí òmíràn. Iṣẹ́ ló gbé e lọ.

Ẹ̀rọ Otis kò lè yí po. Apá rẹ̀ nìkan ló ń yí, kò sì ju ìlàjì òbìrí lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Whitaker ní Leeds gbé ẹ̀rọ tó ń yí po jáde ní nǹkan bí 1884, ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà di ewu tirẹ̀, torí ó ń gbá gbogbo ohun tó wà nítòsí rẹ̀ bí apá iwájú ti ń lọ gbẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ààlà ewu kò ti lè jẹ́ iwájú nìkan mọ́, ó di òbìrí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò 60 yáàdì yẹn wò. Òfin kan náà ní ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì 4 láàárín wákàtí kan lẹ́yìn ìlú, àti máìlì 2 nínú ìlú. Lórí eré máìlì 4, ọkọ̀ á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 kó tó rin mítà 55; nínú ìlú, á lo ìṣẹ́jú kan. Ìdajì ìṣẹ́jú tó láti di ìjánu ẹṣin mú, kí a sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà náà kò jọ èyí tí wọ́n kàn fẹnu sọ. Ní 1878 wọ́n dín in kù sí 20 yáàdì, wọ́n sì yọ dandan àsíá kúrò. Ní 1896, wọ́n tú ọkọ̀ tó fúyẹ́ sílẹ̀, àwọn tí kò tó tọ́ọ̀nù 3. Àwọn tó ń sọ pé aláàsíá kú lọ́dún yẹn gbàgbé ìwúwo: ẹ̀rọ ńlá kò sí nínú àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn onírádà ló kàn, n ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1904, ọmọ Jámánì kan, Christian Hülsmeyer, fi ẹ̀rọ kan han àwọn ènìyàn lórí afárá ní Cologne: ìgbì rédíò jáde lára rẹ̀, ó kan ọkọ̀ ojú omi, ó padà, agogo dún. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ní Stockton ní California, Benjamin Holt dán katakata ẹlẹ́sẹ̀-ìwọ́ rẹ̀ wò, irú èyí tí ẹ̀wọ̀n gbọọrọ ń gbé rìn dípò táyà, èyí tí orúkọ Caterpillar ti wá. Ọdún ti ṣe kòńgẹ́, ó sì wuni láti so wọ́n pọ̀, àmọ́ kò sí ohun tó so wọ́n. Irin ọkọ̀ ojú omi ni ẹ̀rọ Hülsmeyer ń wá, agogo rẹ̀ kò sì lè sọ bí ọkọ̀ náà ṣe jìnnà tó. Kò sí ìwọ̀n jíjìnnà, kò sí ààlà.

Ìró píì-píì náà ńkọ́? Japan ni wọ́n ti ṣe é, Matsusaburo Yamaguchi ni, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé e jáde ní 1963. Ní Amẹ́ríkà, Ed Peterson ṣe tirẹ̀ ní Boise láàárín àwọn ọdún 1960. Ohun rere ni, ó ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀yìn bá ṣófo, á ké. Bí ọmọdé bá dúró síbẹ̀, igbe kan náà ni. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tí à ń sọ níbí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà.

Òfin fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí mi. Àjọ OSHA tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí òfin 1970 dá sílẹ̀, ní ẹ̀rọ akólẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò rí ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn rìn àfi tó bá ní ìró tó borí ariwo ibẹ̀, tàbí tí òṣìṣẹ́ kan bá fi àmì sọ pé kò séwu. Òfin ìwakùsà wọn gba èyíkéyìí nínú ohun mẹ́rin: ìró ìfẹ̀yìnrìn, agogo ara táyà tó gbọ́dọ̀ dún ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ẹsẹ̀-bàtà 3 kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá fi fẹ̀yìn rìn, ẹ̀rọ tó lè mọ̀ bí nǹkan bá wà lẹ́yìn, tàbí ènìyàn tó ń ṣọ́ ọ. Ènìyàn ló wà nínú òfin méjèèjì. Wọn ò lè yọ ọ́.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wá gba iṣẹ́ aláàsíá gan-an. Nínú kòtò èédú, awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń họ èédú kò jókòó sínú rẹ̀ mọ́ nígbà tí rìmóòtù dé; ó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ àti ògiri kòtò sì ń fún àwọn awakọ̀ pa. Àwọn olùwádìí NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́, ní Pittsburgh wá ṣe èyí tí wọ́n pè ní HASARD. Wáyà tí a ká, tó di òòfà nígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, wà lára ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ gbé ohun kékeré kan kọ́ bẹ́líìtì tó ń wọn agbára òòfà náà. Bí agbára náà bá ṣe le tó la fi ń mọ bó ṣe sún mọ́ ọn tó. Òòfà kò bìkítà fún eruku, òkúta kò sì dí i lọ́nà, èyí tí kámẹ́rà kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ṣíṣètò rẹ̀ lójú iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ìṣirò 1865. Típà tó ń sáré kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan ń rin mítà 5 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí awakọ̀ bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó tó tẹ bíréèkì, mítà 11 ti lọ, bíréèkì kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣètò ààlà gbọ́dọ̀ fi gbogbo ìyẹn kún un, pẹ̀lú ẹrù àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pa ẹ̀rọ dúró, wọ́n á ti bíréèkì rẹ̀, ẹnì kan á sì máa rìn bọ̀ láti ìta ní gbogbo ìhà, á fi kùn sàmì sí ilẹ̀ níbi tí ìró bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìrìn yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Irin ara ẹ̀rọ máa ń yí ìrísí òòfà padà, rádà sì lè máa ké sí òkìtì yẹ̀pẹ̀ lásán. Bí ààlà bá tóbi jù, á ké láti àárọ̀ dalẹ́, awakọ̀ á sì wá bí yóò ṣe pa á lẹ́nu mọ́.

Ìyókù yára kánkán. ISO 16001, ìlànà àgbáyé tó fi ìdánwò àwọn ẹ̀rọ yìí lélẹ̀, jáde ní 2008, wọ́n tún un ṣe ní 2017. Ní 2015, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún ẹ̀rọ tó ń họ èédú nínú kòtò, pé kó kìlọ̀, kó sì dúró kó tó kan ènìyàn. Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún kan náà fún ẹ̀rọ ìwakùsà tó ń rìn láìsí ojú irin. Apá tó ní kí ẹ̀rọ tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì dúró fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di oṣù Kejìlá 2022. ISO 21815 ti wà báyìí, tó ń sọ bí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe ṣe lè bá ẹ̀rọ ńlá tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe sọ̀rọ̀, kó lè sọ fún un pé kó dẹ̀ eré, tàbí kó dúró.