Táyà ẹ̀yìn ló ni àyè yẹn

Típà ni mò ń wà ní London, ọkọ̀ tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ àti àwókù kúrò níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Tó bá kún, tọ́ọ̀nù 32 ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣe winniwinni, mo fẹ́ yà kúrò ní Old Kent Road sí òpópónà kékeré kan lápá òsì. Mo ti tan tráfíkétọ̀. Mo ti dúró kí ìyá ọlọ́mọ kan kọjá. Mo ti wo dígí. Bí mo ṣe ń yí sítíárìn ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀, gbà! gbà! gbà! Ohùn tó tẹ̀ lé e ni, “Yéè! Mo gbé!”

Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin kan ni, ó gbé àpò oúnjẹ onígun mẹ́rin kọ́ ẹ̀yìn, táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti kan irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi. Kò fara pa. Nígbà tí mo bẹ́ sílẹ̀ tí mo ń bi í léèrè pé ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ẹ má bínú, bọ̀dá. Àyè ṣáà wà níbẹ̀ ni.”

Àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi fúnra mi ni mo fi í sílẹ̀, tòun kọ́ ni mo sì fi sílẹ̀ dè.

Ẹni tó bá ti ru pákó gígùn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí: orí pákó ti yà tán, àárín rẹ̀ ló máa ha ògiri. Ọkọ̀ gígùn náà nìyẹn. Táyà iwájú ni sítíárìn ń darí. Tẹ̀yìn ń wọ́ tẹ̀ lé e ni, kì í sì í tọ ipa tí tiwájú tọ̀, ńṣe ló máa ń gé kọ́nà sínú. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ yà sí òsì níbi tó há, ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ máa ń fà sí. Mo máa fi bíi mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti etí títì, kí táyà ẹ̀yìn má baà gun orí ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dúró sí.

Kí wá ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lórí kẹ̀kẹ́ rí? Ó rí típà tó ń fà sí ọ̀tún, ó rò pé ọ̀tún ló ń lọ. Ó rí òsì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tó bá sì ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi tán, kò rí tráfíkétọ̀ ẹ̀yìn mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni àyè yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láti ẹ̀yìn bí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà lè máà yára ju ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ti ẹni náà ṣubú, lẹ́yìn náà ni táyà máa débẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ó ní, dígí ńkọ́? Mẹ́fà ni. Méjì fún ẹ̀yìn, méjì tó fẹ̀, ọ̀kan tó ń wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn òsì, ọ̀kan tó ń wo abẹ́ imú ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ń sáré kìlómítà 18 ní wákàtí kan ń rin mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú àáyá 3 yẹ gbogbo dígí wò, ó ti rin mítà 15. Típà mi kò sì gùn tó mítà 10. Ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rárá nígbà tí mo wo dígí àkọ́kọ́ lè ti dé ìdí ilẹ̀kùn mi kí n tó wo èyí tó gbẹ̀yìn.

Nílé, mọ́tò bọ́ì wà níbẹ̀ tí yóò yọrí síta, tí yóò lu páànù, tí yóò kígbe, “Dúró! Ọlọ́kadà ń bọ̀!” Níbí, èmi nìkan ni.

Ohun kan tún wà tí àwa tá a ti Nàìjíríà wá ní láti mọ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Òsì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí nílé, ọ̀tún ni kò ti ríran dáadáa. Ní Britain, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ọ̀tún ni mo jókòó sí, òsì ni ojú mi ti ṣókùnkùn, òsì náà sì ni etí títì tí kẹ̀kẹ́ ń tọ̀ wà. Ẹni tó gun ọ̀kadà gba àárín dáńfó ní Ìbàdàn fún ọdún márùn-ún ti ní ìfura lára, àmọ́ ìfura rẹ̀ ń wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó máa ń tó oṣù mélòó kan kí ara tó mọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan tàbí méjì. Lóṣù kọkànlá ọdún 2013, àwọn mẹ́fà tó ń gun kẹ̀kẹ́ kú ní London láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú náà, ṣírò rẹ̀ pé láàárín 2015 sí 2017, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá wà nínú ìpín 63 nínú 100 ìjàǹbá tó pa àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ìrìn wọn kò ju ìpín 4 lọ nínú 100 gbogbo ìrìn ọkọ̀ ìlú náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọkọ̀ ní ìràwọ̀ báyìí, láti òdo dé márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí dẹ́rẹ́bà ṣe lè fi ojúyòójú ríran síta tó láìwo dígí. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ akẹ́rù tó ju tọ́ọ̀nù 12 lọ ní London gbọ́dọ̀ ní ìràwọ̀ mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó ní kámẹ́rà, ẹ̀rọ tó ń fura sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ohùn tó ń kígbe síta pé ọkọ̀ fẹ́ yà sí òsì.

Èmi ò kórìíra kámẹ́rà, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fura yẹn ń han sí òpó iná pẹ̀lú, etí a sì máa mọ́ ọn lára. Gíláàsì ló wù mí jù. Mo ti wa ọkọ̀ kan tí ìjókòó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí ilẹ̀kùn òsì rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì látòkè délẹ̀. Èmi àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kàn wo ara wa lójú, ó pari.

Tí típà tàbí bọ́ọ̀sì bá wà níwájú rẹ ní oríta, dúró sẹ́yìn rẹ̀, ní àárín ojú ọ̀nà, kì í ṣe létí. Jẹ́ kí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ fọn fèrè títí. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lápá òsì, tó ń mú ọ lọ síbi àpótí tí wọ́n yà fún kẹ̀kẹ́ níwájú iná pupa, òun gan-an ló ń tan èèyàn wọlé. Má ṣe tẹ̀ lé e tí akẹ́rù bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo kọ́kọ́ dé inú àpótí yẹn, sún síwájú dáadáa títí wàá fi rí ojú dẹ́rẹ́bà. Abẹ́ imú ọkọ̀ kò dára ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Tí akẹ́rù bá wá dúró tì ọ́ tí o kò sì ráyè síwájú, sọ̀ kalẹ̀, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ gun ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ẹ̀wù tó ń dán dára, àmọ́ kì í dán sí ojú tí kò lè débẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi òfin dá mi lóhùn. Òótọ́ ni: láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022 ni Highway Code, ìwé ìlànà ojú títì ní Britain, ti sọ ọ́ kedere pé dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ yà kò gbọdọ̀ gé kẹ̀kẹ́ tó ń lọ tààrà. Èmi ni mo máa jẹ̀bi. Ìwé kan náà sì tún sọ fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ pé kó má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ inú ọkọ̀ tó ti tan tráfíkétọ̀ òsì tàbí tó ń rọra láti yà sí òsì. Mo fẹ́ kí ẹ há kejì yìí sórí ju ti àkọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ló gbè yín.

Ẹnu ọ̀nà ibi ìkọ́lé tí mò ń lọ kò jìnnà. Nígbà tí mo páàkì tán, mo ní kí ọmọ náà gun òkè, kó jókòó sí ìjókòó mi. Mo lọ dúró ti ilẹ̀kùn òsì pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yanranyanran.

“Bọ̀dá, ibo lẹ wà?”

Mo ní kó wo dígí karùn-ún. Ó wá a títí. Kó tó rí i, mo ti bọ́ síwájú ọkọ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, a jọ rìn padà dé kọ́nà. Ilẹ̀ ṣì tutù, ipa táyà ẹ̀yìn sì hàn ketekete. Ó fi bàtà rẹ̀ wọn àárín ipa náà àti etí títì. Bàtà kan péré ni, kò kún. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Oníbàárà ni, ó ń bèèrè oúnjẹ rẹ̀.