Orin ilé ni, kì í ṣe "fáìlì ìbílẹ̀"

Ta ló kọ́kọ́ pè é ní "fáìlì ìbílẹ̀"? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá onítọ̀hún, torí ọ̀rọ̀ wà láàárín èmi àti ẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí mo ń sọ. Inú Spotify, áàpù tí a fi ń gbọ́ orin, ni, níbi tí wọ́n kọ Local Files sí. Orin tí kò ti ọ̀dọ̀ Spotify wá ló ń jókòó síbẹ̀, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kó sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà: kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín tí ẹ sọ di MP3, wáàsí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, eré òde ìnáwó tí olórin kankan ò ní gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láéláé. Ẹnìkan wá rántí pé ìjọba ìbílẹ̀ là ń pe kánsù, ló bá já "ìbílẹ̀" gbà níbẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì, ó sì lọ sùn.

Kí ni ìbílẹ̀? Oògùn ìbílẹ̀, aṣọ ìbílẹ̀, ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ohun tí a bá nílẹ̀ ni, tó ti wà kí òyìnbó tó dé. Ẹ sọ fún ìyá mi pé orin ìbílẹ̀ wà nínú fóònù yìí, sákárà ni wọ́n máa retí. Bí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan ló ń fi èébú rápù, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé, kì í ṣe èmi.

Àwọn tó ronú díẹ̀ ní "fáìlì abẹ́lé". Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé ni èyí tó ń ti Èkó lọ sí Àbújá: kò kúrò ní Nàìjíríà, ìyẹn nìkan ni abẹ́lé ń sọ. Orin tí mo ń wí yìí, inú fóònù ni kò kúrò. Abẹ́lé ti fẹ̀ jù fún un. Àwọn mìíràn ní "orin àdáni", èyí ló sì ń dùn mí jù, torí ó fẹ́ jọ òótọ́. Iléèwé àdáni, ilé ìwòsàn àdáni: ẹni tó ni nǹkan ni àdáni ń tọ́ka sí. Áàpù kò bìkítà ẹni tó ni orin. Orin tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, tí mo kó sórí kọ̀ǹpútà mi, kì í ṣe tèmi, síbẹ̀ inú Local Files náà ló máa wà. Ibi tó ń sùn ni wọ́n ń wò. Ní ti àwọn tó ń kọ "lókà fáìsì", ẹ lọ bi ọmọ iléèwé kan léèrè ohun tí "lókà" jẹ́ lẹ́nu wọn. Èébú ni.

Orin ilé ni èmi ń pè é. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ni mo sì wò. Ẹ wo ẹran ilé àti ẹran ìgbẹ́. Kì í ṣe ìwo tàbí ìrù ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ibi tí oníkálukú ń sùn ni. Ilé orin yìí ni ẹ̀rọ tí ẹ kó o sí. Èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ Spotify wá, orin òde nìyẹn.

Ẹnìkan ti bá mi jà lórí èyí. Ó ní orin ilé ni òun fẹ́ máa pe orin ijó tí òyìnbó ń pè ní house. Mo ní ilé ijó kan tó ń jẹ́ Warehouse ní Chicago ni wọ́n sọ pé wọ́n ti gé orúkọ yẹn jáde, ilé ìkẹ́rù sì ni warehouse. Tó bá wù ú, kó máa pè é ní orin ilé ìkẹ́rù, kó fi ilé tèmi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò tíì dá mi lóhùn.

Kí ló dé tí mo fi ń jà tó báyìí lórí orúkọ? Torí ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n ń lò mọ́ ọn: "sọnù". Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé orin àwọn ti sọnù, 43 ni gbogbo rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àpàlà bàbá wa ni wọ́n gbà sórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 kò ṣeé kán lójú. Ẹ máa jókòó tì í fún 90 ìṣẹ́jú ni. Orúkọ àwọn orin náà ṣì wà nínú àtòjọ (playlist) wọn lórí Spotify, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti di aláwọ̀ eérú. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò dún.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sọnù. Kí lẹ ṣe lánàá?"

Wọ́n ní àwọn ò ṣe nǹkan kan. (Kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan láyé yìí.) Ó yá ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé "Track 01", "Track 02" ti sú àwọn, àwọn sì jókòó tún orúkọ gbogbo wọn kọ.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ lọ jẹun ní búkà, ẹ wá gbé ìkòkò ẹja tiyín láti ilé dání. Màmá olóúnjẹ ò bínú. Wọ́n ní kí ẹ gbé e sí igun lọ́hùn-ún, wọ́n wo orúkọ tí ẹ kọ sórí ìdérí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n bu ẹja wá, wọ́n á wo ìwé, wọ́n á lọ sí igun, wọ́n á wá ìkòkò tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Wọn ò kó ẹja yín sínú fìríìjì tiwọn. Bí ẹ bá gbé ìkòkò kúrò ní igun, wọn ò ní rí i. Bí ẹ bá pa orúkọ orí ìdérí rẹ́, tí ẹ kọ òmíràn sí i, wọ́n á dúró síwájú ìkòkò náà gan-an, wọ́n á ní kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá sì lọ sí búkà wọn kejì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ìwé kan náà ni wọ́n á ṣí, orúkọ ẹja yín wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja ńkọ́? Ó ṣì wà ní igun búkà àkọ́kọ́.

Ohun tí Spotify ń kọ sínú ìwé rẹ̀ nípa orin ilé kò ju mẹ́rin lọ: orúkọ olórin, orúkọ àwo, orúkọ orin, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí orin náà fi gùn. Ohun tí àtòjọ yín fi dá a mọ̀ nìyẹn. Ẹ bá yí ọ̀kan padà, orin mìíràn ló dé. Tuntun á yọjú nínú Local Files, èyí àtijọ́ á máa jókòó bí eérú nínú àtòjọ. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi tuntun sípò rẹ̀, ó tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe wàhálà ẹ̀ẹ̀mejì, kó parí orúkọ kíkọ kó tó gbé orin kankan sínú àtòjọ.

Àwa tí a ń kọ àmì sórí ọ̀rọ̀ ló tún ń jìyà jù lọ níbí. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ táàgì ID3, ìyẹn ibi tí orúkọ orin àti ti olórin ń gbé nínú MP3, ní 1996 ló dé, bááìtì 128 péré ni gbogbo ara rẹ̀, 30 ló fi sílẹ̀ fún orúkọ orin. Lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni àwọn áàpù sábà máa ń fi kà á. Ú àti à wà nínú rẹ̀ torí Faransé àti Sípéènì ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí ńbẹ̀. Nítorí náà ẹ kọ Àyìnlá Ọmọwúrà, ó di "Àyìnlá ?m?wúrà". Bí áàpù tí ẹ fi kọ orúkọ bá kọ ọ́ báyìí, tí èyí tó ń kà á kà á lọ́nà mìíràn, olórin méjì ni wọ́n rí. Ẹ rí i pé ID3v2 ni ẹ fi kọ táàgì yín, ìyẹn gba àmì wa dáadáa. Ẹ má tìtorí rẹ̀ bọ́ àmì kúrò lórí orúkọ bàbá olórin.

Ọ̀rọ̀ fóònù tuntun, búkà kejì nìyẹn. Àtòjọ tẹ̀ lé yín dé orí rẹ̀, orin ò tẹ̀ lé yín. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni pé kí ẹ gbé orin ilé sínú àtòjọ kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí àkáǹtì kan náà lórí fóònù, kí àwọn méjèèjì wà lórí Wi-Fi kan náà, kí ẹ sì dáńlóòdù àtòjọ yẹn lórí fóònù. Àkáǹtì tí ẹ ń sanwó fún ni o. Bí kò bá kọjá síbẹ̀, ẹ wo Wi-Fi kẹ́ ẹ tó bú ẹnikẹ́ni: èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò kì í sábà jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì ríra wọn, firewall, ẹ̀ṣọ́ inú Windows, náà sì lè dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lórí iPhone, láti iOS 14 ní 2020, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ ìyọ̀ǹda kó tó lè wo àwọn ẹ̀rọ mìíràn inú ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ "rárá" lọ́jọ́ tó béèrè, wọn ò sì rántí mọ́. Local Network ni wọ́n pè é ńbẹ̀. Bí mo bá rí ẹni tó pè é ní "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìbílẹ̀", a máa jọ rí i.

Ti Android, ìyọ̀ǹda láti ka orin ni kí ẹ yẹ̀ wò, kí ẹ sì wò ó bóyá fáìlì kan tó ń jẹ́ .nomedia wà nínú fódà tí ẹ kó orin sí. Ibi tó bá wà, Android kì í ka orin ibẹ̀. Ní ti irú fáìlì, MP3 ni kò ní já yín kulẹ̀. Ohùn tí wọ́n sọ sórí WhatsApp sábà máa ń jẹ́ opus, ẹ yí i padà sí MP3. 

Ẹ má ṣe kó Apple Music àti YouTube Music mọ́ èyí o. Àwọn wọ̀nyẹn ń gbé orin yín lọ sí ọ̀dọ̀ ara wọn, wọ́n á sì máa fún yín gbọ́ láti ibẹ̀ lórí ẹ̀rọ yòówù. Ìyẹn kì í ṣe orin ilé mọ́. Orin àgbàtọ́ ni, bí ọmọ àgbàtọ́, alágbàtọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tirẹ̀. Orin 100,000 ni àwọn méjèèjì ń gbà mọ. Apple kì í gba èyí tó bá ju wákàtí méjì lọ tàbí tó wúwo ju 200MB. Nítorí náà, bí eré fújì àṣemọ́jú tí ẹ gbà sílẹ̀ ní òde kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, gígùn ni. Ẹ gé e sí ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ju wákàtí méjì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi lo gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ wọn láti tún orin 43 tò. Lọ́jọ́ Ajé ni ohùn wọn wọlé sórí WhatsApp mi, àpàlà ń dún lẹ́yìn wọn: "Àbúrò, ẹ ṣé o. Àwọn fáìlì ìbílẹ̀ mi ti pé."

Mo gbé fóònù sókè láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn. Mo wá rántí pé láti orin kìn-ín-ní dé ìkẹtàlélógójì, àpàlà ni gbogbo rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀.