Kò sí ìyàwó tó yí padà ní Stepford

Bí obìnrin kan bá ń rẹ́rìn-ín ṣáá, tí ilé rẹ̀ ń dán, tí kì í já ọkọ rẹ̀ ní koro, àwọn Amẹ́ríkà máa ń pè é ní ìyàwó Stepford. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ọkọ rẹ̀ ti tẹ orí rẹ̀ ba. Àṣìlò gbáà ni. Nínú The Stepford Wives, ìwé ìtàn tí Ira Levin kọ lọ́dún 1972, níbi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá, kò sí obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ ba. Pípa ni wọ́n pa wọ́n. Èyí tó ń fọ ilẹ̀ nínú ilé kì í ṣe ìyá àwọn ọmọ mọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì ni, ojú ìyá wọn ló gbé wọ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn òǹkàwé, torí bí wọ́n ṣe to ìtàn náà gan-an ló ń ṣì wọ́n lọ́nà. Joanna, ayafọ́tò, àti Walter ọkọ rẹ̀ kó kúrò ní New York wá sí Stepford, ìlú kékeré kan. Charmaine, obìnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ ohun tó dùn ju tẹ́níìsì lọ, ṣàdédé di ẹni tó ń fọlé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti ń hú pápá tẹ́níìsì rẹ̀ dànù. Ni Bobbie, ọ̀rẹ́ Joanna, bá ní inú omi ni ọ̀rọ̀ náà wà, pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ìtòsí ló ń da nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ tí omi yìí ṣe. Tó bá jẹ́ omi ni, á jẹ́ pé àìsàn ni, àìsàn sì lóògùn: kí wọ́n má mu ún mọ́, kí Charmaine padà bọ̀ sípò. Irú ìtàn báyìí kì í ṣe kó má ní omi tirẹ̀, ìyẹn àlàyé tó mọ́gbọ́n dání, tí ìrora rẹ̀ sì kéré sí ti òótọ́. Nígbà tí gbogbo wa bá ń wá ohun tó yí Charmaine lórí, ta ni yóò rántí béèrè òkú rẹ̀?

Ibi tí ọgbọ́n Levin pọ̀ sí jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń kó ẹ̀yà ara jọ. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ orí tó lọ sọ́jà rí mọ bó ṣe ń lọ: orí lásán yá ọwọ́, ó yá ẹsẹ̀, ó yá àyà, ó di arẹwà, ọmọge tẹ̀lé e, òun náà sì ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà títí ó fi ku orí. Stepford dojú àlọ́ yẹn délẹ̀. Nínú pálọ̀ Joanna ni àwọn ọkùnrin ìlú náà ti ń yá tiwọn, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ike Mazzard, tó máa ń ya obìnrin sínú ìwé ìròyìn, wá kí wọn, ó sì ń fi pẹ́ńsùlù ya Joanna bí wọ́n ṣe ń tàkúrọ̀sọ: ó ti mú ojú. Claude Axhelm gbé rẹ́kọ́dà àti àkójọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ wá, ó ní ìwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lòun ń ṣe. Joanna jókòó, ó kà á fún un tinútinú: ó ti mú ohùn. Dale Coba, olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọkùnrin, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọkọ ìlú náà, fara ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ní òun fẹ́ràn kóun máa wo obìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ ilé. Òun náà ti mú tirẹ̀. Orí inú àlọ́ tiẹ̀ ń sanwó ìyálò. Àwọn wọ̀nyí ò san kọ́bọ̀, wọn ò sì ní dá nǹkan kan padà. Ẹni tó ni ẹ̀yà ara gan-an ni kò ní kù.

Ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ń pe Coba ní Diz nítorí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Disneyland, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ère oníẹ̀rọ Abraham Lincoln, ààrẹ wọn àtijọ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, tó ń bá èrò sọ̀rọ̀ lọ́dún 1965. Ìnagijẹ kan ti parí ọ̀rọ̀.

Bí obìnrin bá ti lò tó oṣù mẹ́rin nílùú, ọkọ á ní kí àwọn méjèèjì lọ sinmi lópin ọ̀sẹ̀. Ìwé kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Títí ìtàn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ojú Joanna nìkan la fi ń ríran, nítorí náà alẹ́ tí Walter gbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ojú ìwé kankan. Nígbà tó kan Bobbie, ọmọ rẹ̀ ló ń yọ̀: màmá òun ò pariwo mọ́, ó ń se oúnjẹ gbígbóná láàárọ̀.

Fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe lọ́dún 2004 ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Owó ń jáde lẹ́nu obìnrin kan bí ẹ̀rọ ATM, síbẹ̀ nígbà tó yá wọ́n ní ọpọlọ ni wọ́n fi nǹkan sí, gbogbo wọn sì bọ̀ sípò. Omi yẹn ló tún dé. Fíìmù ti ọdún 1975 ò tan ara rẹ̀: Joanna gún Bobbie lọ́bẹ, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, Bobbie sì ń tún ọ̀rọ̀ kọfí kan náà sọ bí ife ṣe ń fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ò gún ẹnikẹ́ni. Bobbie ló ní òun á fi ọ̀bẹ gé ìka òun, kí Joanna rí i pé ẹ̀jẹ̀ wà lára òun. Joanna ń sún mọ́ ọn, orí ìwé náà sì parí síbẹ̀. Ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, súpámákẹ́ẹ̀tì la wà, Joanna ń sọ fún Ruthanne Hendry, tí kò tíì pẹ́ tó kó dé, pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ ya fọ́tò mọ́.