Ògiri Iwájú Ikùn: Ibi tó Yi, Ibi tó Fẹ́lẹ́, àti Ohun tó ń Gba Ibẹ̀ Yọ

Láti etí egungun ìhà títí dé egungun tó wà lókè ojú ara, kò sí egungun kankan níwájú ikùn. Ẹran àti awọ nìkan ló dá ìfun dúró síbẹ̀. Òun là ń pè ní ògiri iwájú ikùn. Ògiri náà kò nípọn bákan náà níbi gbogbo. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ ni ìpá (hernia, ìfun tàbí ọ̀rá inú ikùn tó ta síta) ń gbà yọ, bó sì ṣe tò ní ìpele-ìpele ni oníṣẹ́ abẹ ń wò kó tó pinnu ibi tí yóò là.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Awọ ara ló kọ́kọ́ wà, ọ̀rá ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà la ó kan ìpele ẹran mẹ́ta. Èyí tó wà lókè, external oblique, ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí àárín: ẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, bí ìka yín bá ṣe nà ni ẹran náà ṣe nà. Internal oblique tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọrí sí òdìkejì, ó ń gòkè lọ sí àárín. Transversus abdominis ló kẹ́yìn, òun dá bùú. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe pùláíwúùdù náà nìyẹn: igi pẹlẹbẹ tí ojú wọn kọrí sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, kì í tètè ya. Lẹ́yìn ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni awọ tín-ín-rín kan wà, ọ̀rá díẹ̀, lẹ́yìn náà peritoneum, awọ tó ń dán tó bo inú ikùn.

Àárín ikùn yàtọ̀. Ẹran méjì tó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló wà níbẹ̀, rectus abdominis, láti egungun òkè ojú ara títí dé egungun ìhà karùn-ún sí ìkeje. Òun náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní six-pack. Bí ẹran mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn kì í ṣe ẹran mọ́. Wọ́n ti di awọ funfun líle, wọ́n á sì gba iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láti fi wé e. Tọ̀tún tòsì wọn á pàdé láàárín gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí wọ́n ń pè ní linea alba.

Ohun kan wà níbí tó yẹ ká dúró lé. Ní nǹkan bí agbede-méjì ìdodo sí egungun òkè ojú ara, awọ funfun tó wà lẹ́yìn ẹran náà dópin. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ síwájú. Ẹ̀yìn ẹran kò ní ju awọ tín-ín-rín yẹn àti peritoneum lọ. Agbègbè ibẹ̀ náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí kì í ṣe kékeré, inferior epigastric, ti ń wọlé sẹ́yìn ẹran. Bí àgbàlagbà tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bá wúkọ́ líle, iṣan yìí lè já. Ẹ̀gbẹ́ kan ikùn á wú, á máa dùn ún, wọ́n á sì máa wá àìsàn ìfun kiri nígbà tó jẹ́ pé inú ògiri ni ẹ̀jẹ̀ dà sí. Nítorí iṣan kan náà ni kò fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ fa omi ikùn gún abẹ́rẹ́ gba inú rectus: apá òsì ni wọ́n sábà ń lò, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sókè àti 3 sínú láti ṣóńṣó egungun ìbàdí.

Ìrora ikùn tún ń fi ìpele wọ̀nyí hàn. Okùn ìmọ̀lára tó ń jáde láti ọ̀pá ẹ̀yìn ń gba àárín ẹran kejì àti ìkẹta wá síwájú. Okùn kẹwàá nínú àwọn tó ń jáde láti ẹ̀yìn àyà ló ń gbé ìmọ̀lára ìdodo. Ìdí nìyẹn tí ìrora àpẹ́ńdíìsì (ìfun kékeré kan tó so mọ́ ìfun ńlá) fi ń bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo: ojú kan náà ni ìròyìn àpẹ́ńdíìsì ń gbà wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìgbà tí wíwú náà bá kan peritoneum tó lẹ̀ mọ́ ògiri ni ìrora á ṣí lọ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, síbi tí oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, Charles McBurney, ṣàpèjúwe ní 1889: ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà láti ṣóńṣó egungun ìbàdí sí ìdodo. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri ló ń dunni àbí inú, kí aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ tẹ ojú ibi tó ń dùn ún, kó wá gbé orí sókè. Bí ìrora bá le sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògiri; bó bá dínkù, inú lẹ fura sí. Kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀, àmọ́ kò náni ní kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé wọ́n ń gé ẹran ikùn nígbà CS, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde. Rárá o. Nínú ọ̀nà tí dókítà ará Jámánì, Hermann Pfannenstiel, ṣàlàyé ní 1900, wọ́n á la awọ ara ní ìbú, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lókè egungun òkè ojú ara, wọ́n á la awọ funfun, lẹ́yìn náà wọ́n á ya ẹran méjèèjì sọ́tọ̀ láti àárín láìgé e. Okùn ìmọ̀lára wẹ́wẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ni kì í yè é bọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí òkè àpá náà ní ìmọ̀lára fún oṣù mélòó kan.

Lílà tó gba àárín gbọ̀ngbọ̀n lóòró yá ju èyí lọ, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìpá ojú àpá wọ́pọ̀ níbẹ̀ jù. Bí wọ́n ṣe rán an ṣe pàtàkì. Ó kéré tán, kí òwú tí wọ́n lò gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ojú ọgbẹ́, kí ojú ìránṣọ sún mọ́ra. Bí wọ́n bá fa òwú le jù, á ré awọ funfun náà kọjá, ìpá á sì yọ níbẹ̀ nígbà tó bá yá.

Ikùn abiyamọ tó ń yọ gọngọ láàárín tó bá fẹ́ dìde kì í sábà jẹ́ ìpá. Linea alba ló fẹ̀, ẹran méjèèjì sì jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Kò sí ihò níbẹ̀, nítorí náà ìfun kò lè há síbẹ̀.

Ihò gidi ni ti ìpá ìdodo. Èyí tó bá yọ síta lára ọmọdé, púpọ̀ wọn ló ń pa ara wọn dé kí ọmọ tó pé ọdún 4 tàbí 5. Kọ́bọ̀ tí wọ́n ń dì mọ́ ọn kì í mú un yá, ó kàn ń bó awọ ọmọ ni. Ti àgbàlagbà kì í padà dí.

Ibi tí itan ti pàdé ikùn ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, tó gba àárín ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ó sì fa peritoneum díẹ̀ dání. Bí ojú rẹ̀ kò bá dí, omi lè gbabẹ̀ kún ẹpọ̀n, tàbí kí ìfun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìpá àwọn àgbàlagbà míì kì í gba ọ̀nà yìí; ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti rọ̀ ló ń ya nítorí ikọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹrù wúwo, ìgbẹ́ gbígbẹ tàbí ìtọ̀ tó ń há. Àgbo kò lè dí ihò. Iṣẹ́ abẹ ló ń dí i, wọ́n sì sábà ń fi àwọ̀n kékeré lé e lẹ́yìn kó má bàa tún ya. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 láti Uganda fi àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fi ooru pa kòkòrò àrùn ara rẹ̀ wé àwọ̀n olówó ńlá, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn lẹ́yìn ọdún kan. (Ẹ má lọ já ti orí bẹ́ẹ̀dì yín o.)

Ìpá tó gba ìsàlẹ̀ okùn líle tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn bọ́ sí itan wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ó lè má ju èso àgbálùmọ̀ kékeré lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ le, ó há, òun ló sì ń tètè fún ìfun pa jù. Ìpá yòówù tó bá ń wọlé tẹ́lẹ̀ tí kò wọlé mọ́, tó le, tó ń dunni, tí èébì bá a dé, tí ìsó kò jáde, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọ̀dọ̀ ìfun inú rẹ̀ mọ́, wákàtí mélòó kan sì tó kí ìfun náà kú. Ẹ má fi tipátipá tì í wọlé, ẹ má lo oògùn ìyàgbẹ́, ẹ má fún aláìsàn ní oúnjẹ tàbí omi, nítorí wọ́n lè ní láti kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ tààrà.