Hilux àtijọ́ irin, Hilux tuntun agolo?

Láti Ọláìyá títí dé ojú ọ̀nà Ìkìrun, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń kó ẹrù sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: “Hilux 5L, irin gidi ni. Àwọn tuntun yìí, agolo ni.” Ó ti ń sú ni.

Ẹ jẹ́ ká wo irin ọ̀hún. 5L ni ẹ́ńjìnnì dísù inú Hilux àtijọ́; 1KD àti 1GD ni ti àwọn tuntun. Blọ́ọ̀kù 5L, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an, irin tí wọ́n yọ́ dà ni. Ti 1KD inú Hilux ọdún 2005, irin yẹn náà ni. Ti 1GD tó dé lọ́dún 2015, irin ni. Èwo ni agolo níbẹ̀? Ní ti agbára ìfà, tí wọ́n ń fi Nm wọ̀n, 5L onílítà 3 ò fi bẹ́ẹ̀ ju 200 Nm lọ. 1GD onílítà 2.8 lè fa 450. Ìyẹn ò tó àríyànjiyàn.

Ohun tí wọn kì í dárúkọ ni omi inú dísù. Nọ́sù ló ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, bar sì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó fi ń tì í. Ti 5L máa ń ṣí ní bíi 150 bar. Mẹkáníìkì lè tú u, kó fi wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kó tún un dè. Ti 1KD àti 1GD lè kọjá 1,500 bar. (Táyà ọkọ̀ kékeré, bíi 2 bar péré.) Kí irú agbára bẹ́ẹ̀ má bàa jò, àlàfo inú nọ́sù gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju fọ́nrán irun lọ, ó kéré tán ní ìlọ́po mẹ́wàá. Dísù fúnra rẹ̀ ni ọ̀rá tó ń jẹ́ kó yọ̀. Bí omi bá wọ ibẹ̀, irin á máa họ irin, nọ́sù á máa kán epo láìdúró, písítìnì á sì lu. 5L á mu omi yẹn náà, á wúkọ́, á tú èéfín, á máa lọ. Wọ́n á ní irin ni. Ó dáa. Ta ló bu omi sí dísù?

Ẹ bu dísù tẹ́ ẹ rà sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó sùn mọ́jú. Bí omi bá wà, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Kọ́ọ̀kì kékeré kan wà lábẹ́ fítà dísù: ẹ tú u díẹ̀, ẹ máa tẹ pọ́ńpù ọwọ́ tó wà lórí fítà títí dísù nìkan á fi máa jáde, kẹ́ ẹ dé e. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ò pọ̀ jù. Ẹ máa pààrọ̀ fítà ní 10,000 kìlómítà, ohun yòówù kí ìwé ọkọ̀ wí. Bí iná fítà bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, omi ti kún inú rẹ̀ tàbí kó ti dí. Kì í ṣe pé kí rẹ́wáyà wá yọ gílóòbù rẹ̀.

Tuntun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ o. Wáṣà bàbà abẹ́ nọ́sù 1KD a máa jò. Èéfín á sọ ọ́ìlì di èédú, èédú á dí asẹ́ inú sọ́mpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ò ní gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Ẹ̀bi wáṣà nìyẹn, kì í ṣe ti irin. Àti pé bí bẹ́lítì táímínì 5L bá já nítorí pé ẹ kọtí ikún sí 100,000 kìlómítà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, irin gidi á kọ lu irin gidi.

Ó ṣeé ṣe kí 5L ṣì dára jù fún ẹni tó ń lọ oko tí kò sí skánà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo àìsàn ọkọ̀) nítòsí: kí iná bátìrì ṣáà ti dé ara pọ́ńpù. Fún ẹni tó ń lọ Ìbàdàn lójoojúmọ́, kò dà bíi bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń ra 1KD tòkunbọ̀, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀, tí èédú sì lẹ̀ mọ́ inú ìdérí, ẹ má sanwó kí wọ́n tó sọ sọ́mpù kalẹ̀, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí asẹ́ yẹn. Dísù inú kẹ́ẹ̀gì etí títì ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fẹ́ni tó ń tà á.