Títan àti pípa ámpílífáyà ilé láìfọwọ́ kàn án

Títan àti pípa ámpílífáyà ilé láìfọwọ́ kàn án jẹ́ ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà tan fúnra rẹ̀ nígbà tí orin tàbí tẹlifíṣọ̀n bá bẹ̀rẹ̀, kí ó sì kú nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Kò kan rédíò kékeré àti sípíkà Bluetooth púpọ̀, nítorí inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan tiwọn wà. Ilé tí ẹ̀rọ ti pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kàn: tẹlifíṣọ̀n lára ògiri, ámpílífáyà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà kékeré lẹ́yìn wọn. Títan ẹ̀rọ náà kò le. Pípa á ló le, torí ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ti sùn lọ yàtọ̀ sí ẹni tó ń dúró de orin tó kàn.

Iná tí ámpílífáyà ń jẹ nígbà tí kò kọrin ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní class A ló burú jù: bí orin ń dún, bí kò dún, iye iná kan náà ló ń fà, nígbà tí orin kò bá sì sí, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Class AB, tó wọ́pọ̀ nínú ilé, lè máa fa wáàtì 30 sí 60 láìkọrin. Class D kì í sábà ju wáàtì mélòó kan lọ. Ẹni tó bá fi èyí tó ń fa wáàtì 40 sílẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ti jó wáàtì-wákàtí 960, ó ku díẹ̀ kó pé yúnìtì kan lórí mítà. Fún ilé tó ń lo inverter, bí irú wọn ti pọ̀ ní Nàìjíríà, ìṣirò náà tún korò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì oníásíìdì ti fóòtì 12, áḿpíà-wákàtí 200, ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sábà ń gbani nímọ̀ràn láti lò kí ó má baà tètè kú. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago méje àárọ̀, ámpílífáyà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ á ti jẹ 400 nínú 1,200 tó ṣeé lò.

Ọ̀nà àtijọ́ rọrùn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ stéréò ayé ìgbà kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì wà tí wọ́n kọ SWITCHED sí lára. Tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì iwájú, iná á dé ibẹ̀, ẹ̀rọ káséètì tàbí ti rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà lójú rẹ̀ á tan. Àpótí ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n kan wà lóde òní tó jọ ọ́: sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni ọ̀gá; tí iná tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń jẹ bá pọ̀ sí i, àwọn yòókù á tan, tó bá dín kù, wọ́n á kú. Kò wúlò fún kọ̀ǹpútà kékeré tí iná tó ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ bó ń kọrin, bí kò kọrin.

Lára ẹ̀rọ sinimá ilé, wáyà trigger ti fóòtì 12 ni wọ́n ń lò. Ihò kékeré oní-mílímítà 3.5 ni, ó jọ ihò tí a ń ki earpiece bọ̀, àmọ́ ohùn kankan kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Tí receiver, ẹ̀rọ ọ̀gá tí àwọn yòókù so mọ́, bá tan, á gbé fóòtì 12 DC sórí wáyà náà, ámpílífáyà tó wà lórí kejì á rí i, á sì tan. Tí fóòtì náà bá lọ, á kú. Kò sí pé ẹ̀rọ ń méfò: fóòtì wà tàbí kò sí. Nínú gbogbo ọ̀nà yìí, òun ló ṣeé fọkàn tẹ̀ jù. Iná tó wà lórí wáyà náà kéré, àmì lásán ni, kò ṣeé fi bọ́ ẹ̀rọ mìíràn.

Níbi tí kò bá sí trigger, ámpílífáyà fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ́tí. Apá kékeré kan nínú rẹ̀ kì í sùn, wáyà ohùn ló ń ṣọ́. Tí ohùn tó tó mílífóòtì mélòó kan bá wọlé, á tan. Tí ìdákẹ́jẹ́ bá ti pé ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, á pa ara rẹ̀. Bọ́tìnì AUTO tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ subwoofer (sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀) nìyẹn. Ibi tó ti ń kùnà ni òru. Wọ́n fi fíìmù sí i, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà jí, ohùn tó ń wọlé kò wá tó èyí tí ẹ̀rọ ń retí mọ́, ó sì kú sáàárín eré. Nílé ẹlòmíràn, òdìkejì ni: ariwo hùùù iná mànàmáná wọnú wáyà, ẹ̀rọ rò pé orin ni, kò sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Bákan náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìròyìn a máa sọnù kí ẹ̀rọ tó jí tán.

Wáyà HDMI, tó ń gbé àwòrán àti ohùn láàárín ẹ̀rọ àti tẹlifíṣọ̀n, ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti ọdún 2002 tí HDMI ti jáde ni CEC ti wà nínú rẹ̀, lórí pin 13 (ọ̀kan lára ẹsẹ̀ irin kéékèèké ẹnu wáyà náà), tí tẹlifíṣọ̀n fi ń sọ fún ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn pé kó tan, kó kú, kó gbé ohùn sókè. HDMI 1.4 ti ọdún 2009 fi ARC kún un, tó jẹ́ kí ohùn tẹlifíṣọ̀n gba wáyà kan náà padà sínú ámpílífáyà. Anynet+ ni Samsung ń pe CEC, SimpLink ni LG, Bravia Sync ni Sony, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé nǹkan kan náà ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń ṣe àṣejù: ẹnìkan pa tẹlifíṣọ̀n, orin tí ẹlòmíràn ń gbọ́ sì bá a kú.

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi kọrin sábà ń ṣe tiwọn fúnra wọn. Lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, fáìlì /proc/asound/card0/pcm0p/sub0/hw_params máa ń ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, closed, nígbà tí ètò kankan kò lo káàdì ohùn náà. Ètò kékeré kan á máa ka fáìlì yìí léraléra, á sì tan relay (súìṣì tí iná kékeré ń tan tó sì ń pa) tàbí pa á. Níwọ̀n bí kò ti wo bí ohùn ṣe ga tó, fíìmù òru kò lè tàn án jẹ. Pin Raspberry Pi tó ń gbé fóòtì 3.3 jáde kò lágbára tó láti fa relay fóòtì 12 tó ń fẹ́ nǹkan bíi mílíáḿpíà 30, nítorí náà transistor, tí iná kékeré fi ń darí iná ńlá, ni wọ́n ń fi sáàárín, pẹ̀lú diode, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, lórí wáyà wíwé inú relay.

Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, bí wọ́n ṣe ń tò ó ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ tó ń kọrin ló ń kọ́kọ́ tan, ámpílífáyà ló ń kẹ́yìn. Nígbà pípa, ámpílífáyà ló ń ṣíwájú. Tí wọ́n bá yí i padà, ìró gbàù tí sípíkà ń dún nígbà tí ẹ̀rọ iwájú bá ń jí tàbí tó ń kú lè ba tweeter, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè, jẹ́. Tàràǹsífọ́mà ńlá tún máa ń já iná gbà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá tan, kàpásítọ̀ ámpílífáyà náà, tó ń tọ́jú iná pamọ́, sì ń fẹ́ kún. Relay olówó pọ́ọ́kú lè lẹ̀ pọ̀ mọ́ra níbẹ̀, kó má kú mọ́.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin 1275/2008, tí òfin mìíràn ti rọ́pò ní ọdún 2025, fi ìwọ̀n sí iná tí ẹ̀rọ tó ń sùn lè jẹ nígbà náà: wáàtì 1 láti ọdún 2010, wáàtì 0.5 láti ọdún 2013, àyàfi èyí tó ní ojú ìwòye, tó gba ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ ámpílífáyà tó jáde lẹ́yìn èyí ló ń pa ara wọn láti ilé iṣẹ́ wá.

Ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ámpílífáyà tó ní súìṣì tó ń dún kẹ̀kẹ̀ á tan padà ní kété tí iná bá dé, pẹ̀lú fóòtì tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí tó ní bọ́tìnì rírọ̀ sábà máa ń dúró lójú oorun. Púlọ́ọ̀gì Wi-Fi máa ń béèrè ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí iná bá padà: kó tan, kó kú, tàbí kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Fún ámpílífáyà, kíkú ló yẹ kó wà.