Iṣẹ́ ìgbà ooru ní dude ranch l'Amẹ́ríkà: ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó wà nínú garawa

Ranch tí wọ́n ń sọ yìí, oko màlúù ni àbí òtẹ́ẹ̀lì?

Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì ló ń mówó wọlé. Ní Wyoming, Montana àti Colorado, àwọn oko ẹṣin àti màlúù kan wà tó ń gba àlejò láti ìlú ńlá: wọ́n á sùn, wọ́n á jẹun, wọ́n á gun ẹṣin. Dude ranch ni wọ́n ń pè é. "Dude" lorúkọ tí àwọn ará oko fún ará ìlú tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹṣin ní gàárì. Eatons' Ranch, tó bẹ̀rẹ̀ ní North Dakota ní 1879 kó tó kó lọ sí Wolf ní Wyoming ní 1904, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́ irú ẹ̀.

Wọ́n sábà máa ń ṣílẹ̀kùn láàárín ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, wọ́n á sì tì í ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ní èyí tó pọ̀ nínú wọn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àlejò ń sanwó rẹ̀. Á wọlé lọ́jọ́ Àìkú, á jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nítorí náà, gbogbo yàrá ló ń ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ mọ́ kí àwọn tuntun tó dé. Ẹ má fọkàn sí i pé wọ́n á fún yín ní ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀.

Físà wo ni wọ́n ń lò?

Méjì ló wọ́pọ̀. J-1, ẹ̀ka Summer Work Travel, wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan: ẹni tó ń kàwé ní kíkún ní ilé ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, tó sì ti parí ó kéré tán sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Oṣù 4 ló pọ̀ jù, ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkókò ìsinmi gígùn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ranch kọ́ ló ń fúnni ní ìwé. Àjọ onígbọ̀wọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ló ń kọ fọ́ọ̀mù DS-2019, ìwé tí ẹ máa fi béèrè físà.

H-2B wà fún iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, kò sì béèrè pé kéèyàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ranch fúnra rẹ̀ ló ń béèrè fún un, lẹ́yìn tó bá ti fi hàn pé òun wá ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, òun kò rí. Iye tí òfin gbà láàyè jẹ́ 66,000 lọ́dún: 33,000 fún iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, 33,000 fún èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Ìdajì kejì yìí ni iṣẹ́ ìgbà ooru ń bọ́ sí, wàrà-wàrà ló sì ń tán. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ ní ọjọ́ 75 sí 90 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín ní oṣù karùn-ún pé òun á fi H-2B mú yín dé ranch lóṣù kẹfà, ẹ bi í pé ìgbà wo ni ranch náà fi ìwé sílẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà ńkọ́, ṣé ọ̀nà ṣí sílẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026, àṣẹ ààrẹ Amẹ́ríkà ti dá físà J (tí J-1 wà nínú rẹ̀) dúró fún ẹni tó fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà gba tuntun. Benin àti Togo wà nínú àṣẹ náà. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tì ìlú méjì, bí àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tó ní ti Britain, lè lo ti Britain rẹ̀ láti béèrè fún J-1. H-2B kò sí nínú àwọn físà tí àṣẹ náà dá dúró fún Nàìjíríà. Láti oṣù kìíní 2025 sì ni wọ́n ti fagi lé àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí H-2B wà fún, èyí tí kò jẹ́ kí ó rọrùn fún wa tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ká sọ òótọ́: Mexico àti Jamaica ni púpọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ ti ń kó èèyàn, tori ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n mọ̀ wà. Àwọn àṣẹ wọ̀nyí ń yí padà. Ojú ìwé ẹ́ńbásì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Àwọn kan tún máa ń da físà òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ti Britain pọ̀ mọ́ ọn. Èyí yẹn wà fún oko ewébẹ̀ àti èso, àti iṣẹ́ adìyẹ ṣáájú Kérésì. Kò sí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ rárá.

Ajẹ́ńtì ní kí n san owó "ìforúkọsílẹ̀" kí ranch tó mú mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Fún H-2B, rárá. Òfin kò gbà kí agbanisíṣẹ́ tàbí ajẹ́ńtì rẹ̀ gba owó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Owó físà gan-an, agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ dá a padà fún yín ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Tí kò bá ti san owó ọkọ̀ yín látìbẹ̀rẹ̀, á san án nígbà tí ẹ bá ti ṣe ìdajì àkókò iṣẹ́. Tí ẹ bá parí iṣẹ́, tàbí tí wọ́n bá dá yín dúró ṣáájú àkókò, owó ìpadàsílé wà lọ́rùn wọn.

Ti J-1 yàtọ̀: àjọ onígbọ̀wọ́ ń gba owó iṣẹ́ wọn lábẹ́ òfin, owó SEVIS (àkọsílẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́pa akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó gba físà J) sì jẹ́ 35 dọ́là fún ẹ̀ka yìí. Èyí ló ń jẹ́ kí àwọn oníjìbìtì ríbi sá sí. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ J-1 gba owó, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ H-2B ṣèlérí.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà tí kò gba owó. Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ń gbé gbogbo ìwé iṣẹ́ H-2B sójú ìkànnì seasonaljobs.dol.gov. Ẹ kọ orúkọ ranch sí i. Owó wákàtí, iye wákàtí, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, owó tí wọ́n máa yọ fún ilé, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí ajẹ́ńtì bá sọ 18 dọ́là, tí ìwé sọ 13, ìwé ni kí ẹ gbà gbọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀, ní èdè tó yé yín, ó pẹ́ tán nígbà tí ẹ bá ń béèrè físà.

Wọ́n ní 13 dọ́là ní wákàtí kan. Èwo ló máa wọ àpò mi?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wákàtí 40 ní 13 dọ́là jẹ́ 520 lọ́sẹ̀. Ká ní ranch ń yọ dọ́là 12 lójúmọ́ fún ibùsùn àti oúnjẹ: 84 lọ nìyẹn. Owó orí ìjọba àpapọ̀ á mú nǹkan bí ìdá mẹ́wàá, 52. Tó bá jẹ́ J-1 ni ẹ fi dé, ó ku 384. Tó bá jẹ́ H-2B, owó Social Security àti Medicare (owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbà), 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún, tún máa mú 39.78, ó ku 344.22. Ẹni tó wà lórí J-1 kì í san méjèèjì yẹn, ẹni tó ń ṣètò owó oṣù sì máa ń gbàgbé. Ẹ wo páyíslípù àkọ́kọ́ dáadáa; tí ẹ bá rí FICA, orúkọ tí wọ́n ń pe owó méjèèjì yẹn, lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ sì wà lórí J-1, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, tori gbígba owó náà padà lẹ́yìn ọdún máa ń pẹ́. Wyoming kì í gba owó orí ìpínlẹ̀. Montana ń gbà á.

Wákàtí 40 yẹn náà kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Bí àlejò bá dín, wákàtí á dín. H-2B ní ààbò díẹ̀ nínú ìwé òfin: láàárín ọ̀sẹ̀ 12 kọ̀ọ̀kan (ọ̀sẹ̀ 6 tí iṣẹ́ kò bá tó ọjọ́ 120), agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wákàtí tó kọ sínú ìwé, tàbí kó san owó rẹ̀; àmọ́ ẹ má gbára lé e jù, tori àwọn òfin ìnáwó Amẹ́ríkà láti bí ọdún 2016 kò jẹ́ kí Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ náwó láti fi ipá mú un ṣẹ. Ní ti owó àṣekún lẹ́yìn wákàtí 40, òfin yọ àwọn ibi ìgbafẹ́ kan tí kì í ṣiṣẹ́ ju oṣù 7 lọ lọ́dún sílẹ̀. Ẹ béèrè, kí èsì rẹ̀ sì wà nínú ìwé.

Tíìpù ló ń gba òṣìṣẹ́ là. Ọ̀pọ̀ ranch máa ń dábàá fún àlejò pé kó fi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì kó o pọ̀ pín láàárín òṣìṣẹ́. Máníjà àti olówó ranch kò gbọ́dọ̀ mú nínú ẹ̀. Òfin ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti 2018.

Iṣẹ́ wo gan-an ni màá ṣe?

Títún yàrá ṣe, gbígbé oúnjẹ, fífọ abọ́. Gígun ẹṣin? Bóyá lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n bá gbà.

Iṣẹ́ tó léwu jù wà níbẹ̀rẹ̀ ìgbà iṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń ṣí àwọn ilé onígi tó ti wà ní títì látìgbà òtútù. Eku ti gbé inú wọn. Eku ibẹ̀ máa ń gbé kòkòrò hantavirus, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ ni kòkòrò náà sì wà. Ẹni tó bá gbá a nígbà tó gbẹ ń fà á símú. (Àwa tí a mọ ibà Lassa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ eku.) Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ po bleach, irú Hypo tàbí Jik, ife 1 sí ife omi 9, ẹ wọ́n ọn títí ìgbẹ́ eku náà á fi rin gbingbin, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, ẹ wá fi pépà nù ún sínú ọ̀rá. Ìgbálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án, ẹ̀rọ tó ń fa eruku náà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ má sì da bleach pọ̀ mọ́ ọṣẹ tó ní ammonia. Gáàsì tó ń jáde ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ètò ló ń gbà yín. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n oògùn sí balùwẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tú bẹ́ẹ̀dì. Ẹ yí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sí àárín kí ẹ tó gbé e, tori ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí àlejò máa ń há sínú ẹ̀. Eruku, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ilẹ̀ nígbẹ̀yìn, láti igun tó jìnnà jù wá sí ẹnu ọ̀nà. Eérú inú sítóòfù onígi ń lọ sínú garawa irin tó ní ìdérí, níta, jìnnà sí ilé. Ògúnná lè wà láàyè nínú eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá dà á sínú ọ̀rá pańtí lè jó odidi ilé.

Ní ibi ìfọbọ́, sínǹkì oníhò mẹ́ta ni: ìfọ̀, ìṣanṣẹ kúrò, ìpakòkòrò. Omi ìfọ̀ kò gbọ́dọ̀ tutù ju 43°C lọ. Chlorine inú ihò kẹta máa ń jẹ́ 50 sí 100 ppm (ìdá 50 sí 100 nínú mílíọ̀nù kan), pépà ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ojú kọ́. Tó bá dín, kòkòrò ò kú. Tó bá pọ̀ jù, abọ́ á máa rùn. Ẹ jẹ́ kí abọ́ gbẹ fúnra rẹ̀.

Kí ni kí n kó lọ?

Bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí kì í yọ̀, méjì. Òjò á rin ọ̀kan. Súwẹ́tà gidi, tori ọ̀pọ̀ ranch ga ju 2,000 mítà lọ, òru oṣù kẹfà níbẹ̀ lè súnmọ́ 0°C. Gíga yẹn lè fún yín ní orífífọ́ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ mu omi, ẹ rọra. Ẹ wa àwọn nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ lórí fóònù sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ adùn ata ilé, kó di ata gbígbẹ rẹ̀ dáadáa, kó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù. Oúnjẹ kankan kò gbọ́dọ̀ sùn sí ìta yàrá yín; béárì mọ òórùn.

Bí ohun tí mo bá níbẹ̀ kò bá ìwé mu ńkọ́?

Pásípọ́ọ̀tì yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Agbanisíṣẹ́ tó bá gbà á ń rú òfin. Ẹ máa kọ wákàtí tí ẹ ṣe sínú ìwé kékeré lójoojúmọ́, àkókò ìwọlé àti ìjáde. Ẹni tó wà lórí J-1 ní láti jẹ́ kí àjọ onígbọ̀wọ́ mọ̀ láàárín ọjọ́ 10 pé òun ti dé, àwọn náà sì gbọ́dọ̀ máa kàn sí i lóṣooṣù. Àwọn ni kó kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi iṣẹ́ lọ síbòmíràn láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. H-2B so mọ́ agbanisíṣẹ́ tí wọ́n kọ sí i. Ẹ̀ka Owó Iṣẹ́ àti Wákàtí ní Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ló ń gba ẹjọ́ tiẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní ranch, ẹ fi àdírẹ́sì tí lẹ́tà lè dé sílẹ̀, tàbí ímeèlì tí ẹ ṣì máa lò. Fọ́ọ̀mù W-2, ìwé tó ń sọ iye owó tí ẹ gbà àti owó orí tí wọ́n yọ, á jáde ní ìparí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun lẹ máa fi kún 1040-NR, fọ́ọ̀mù owó orí fún àlejò, kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin tó pé.